Ènìyàn 433 jẹ lọ́tìrì kan náà: ṣé ojóoró ni àbí ìṣirò?

Ariwo sọ nígbà kan lórí tẹ́tẹ́ Grand Lotto ilẹ̀ Philippines. Nọ́ńbà mẹ́fà tó jáde ní Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ni 9, 18, 27, 36, 45 àti 54, ènìyàn 433 ló sì jẹ ẹ́. Aṣòfin ní kí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mìíràn gbé ìṣirò dé: bí ìṣeéṣe pé ẹnì kan yóò jẹ bá jẹ́ ẹyọ kan nínú 28,989,675, ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ nígbà 433, ẹ ó rí i pé ojóoró ni.

Iye àkọ́kọ́ yẹn tọ̀nà. Iye ọ̀nà tí a lè gbà ṣa nọ́ńbà mẹ́fà nínú 55 nìyẹn. Ìsọdipúpọ̀ yẹn ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Lára ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe ni A First Course in Probability tí Sheldon Ross kọ. Orí kìíní ń kọ́ni bí a ṣe ń ka ọ̀nà, orí kejì gbé òfin kalẹ̀, ó sì di orí kẹta kí ó tó ṣàlàyé ìgbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ méjì kì í nípa lórí ara wọn. Ìgbà yẹn nìkan ni a lè kàn sọ ìṣeéṣe wọn di púpọ̀ mọ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á há fọ́múlà yìí sórí, wọ́n á gbàgbé ohun tó ń bèèrè: pé mímọ̀ tí a mọ̀ pé èyí ṣẹlẹ̀ kò gbọdọ̀ yí ìrètí wa nípa ìyẹn padà rárá.

Irú àṣìṣe yìí ti bá ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n rí. Ọmọ jòjòló méjì kú mọ́ Sally Clark, lọ́yà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́, wọ́n sì ní òun ló pa wọ́n. Ní 1999, dókítà ẹlẹ́rìí kan sọ ní kóòtù pé nínú ẹbí bíi tiwọn, ikú òjijì ọmọ jòjòló jẹ́ ẹyọ kan nínú 8,543. Wọ́n fi iye náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù 73. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá ọmọ bàbá ni wọ́n, ilé kan náà ni wọ́n sì ti ń tọ́ wọn! Bí ohun kan nínú ẹbí bá pa àkọ́kọ́, ewu èkejì kò lè rí bákan náà mọ́. Royal Statistical Society bu ẹnu àtẹ́ lu ìṣirò náà ní 2001. Nígbà tí àbájáde àyẹ̀wò tí wọn kò fi han kóòtù wá jáde, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 2003. Ó kú ní 2007.

Ní ti Philippines, bọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ènìyàn mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn ọjọ́ ìbí, ìlà tó gún àti nọ́ńbà tó tò tẹ̀léra. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní oṣù Kejìlá 2020, 5, 6, 7, 8, 9 àti 10 jáde, ènìyàn 20 ló pín owó náà. Bí irú àwọn nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá ti jáde, gbogbo ẹni tó kọ wọ́n jẹ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Kò sí ohun tí a tún ń sọ di púpọ̀.

Lójú tèmi, kò jọ ojóoró. Ta ni yóò ṣe màgòmágó láti gba bíi 545,000 pésò nínú mílíọ̀nù 236? Ṣùgbọ́n ìṣirò kò lè sọ ẹni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, nítorí náà ó tọ́ kí wọ́n wádìí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ta irú lọ́tìrì tí wọ́n ń pín owó rẹ̀ báyìí, ẹ yẹra fún nọ́ńbà tó tò. Kò ní jẹ́ kí ẹ tètè jẹ o, àmọ́ bí ẹ bá jẹ, àwọn tí ẹ ó bá pín in kò ní pọ̀.