Kúbùsù Àránpọ̀ Àwọn Obìnrin Gee's Bend

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó rò pé ọ̀rọ̀ ìrírí nìkan ni ó ń sọ, pé àkísà inú rẹ̀ kò ju àfiwé lásán lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan ń bẹ ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó jẹ́ pé àkísà gan-an ni wọ́n fi ń pa ìtàn ilé wọn mọ́. Obìnrin ni wọ́n, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì ni wọ́n bá láyé. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ ṣe àlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa: bí wọ́n ti ń ṣe é, ìgbà tí wọ́n ń ṣe é nínú ọdún, àti bí wọ́n ti ń tẹ́ ẹ síta fún ojú láti rí.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á wá orúkọ tí a ó máa pe nǹkan náà. Kúbùsù ni, ní ti pé ènìyàn ń fi í bora nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a hun lódidi. Ìpele mẹ́ta ni ó ní: òkè rẹ̀, tí a fi oríṣiríṣi abala aṣọ rán pọ̀, òwú tí a tẹ́ sí àárín, àti aṣọ ìsàlẹ̀ tí ó gbé méjèèjì ró. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fi abẹ́rẹ́ gán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti etí kan dé èkejì, kí òwú àárín má baà ṣù jọ sí ojú kan. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan pè é ní aṣọ alábùlẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Ihò ni a ń fi àbùlẹ̀ dí, kò sì sí ihò lára èyí. Kúbùsù àránpọ̀ ni n ó máa pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú.

Ìletò tí à ń sọ yìí ni Gee's Bend. Odò Alabama ni ó ṣẹ́ kọ́rọ́ níbẹ̀, tí ó sì yí ilẹ̀ náà ká ní ìhà mẹ́ta, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ ojú omi fi níláti rin ìrìn gígùn kí ó tó dé ìlú tí ó ń fojú rí ní òdìkejì. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Joseph Gee ni ó dá oko òwú sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1816. Ní 1845 oko náà di ti Mark Pettway, ẹni tí ó kó ẹrú tirẹ̀ wá láti North Carolina; ẹsẹ̀ ni àwọn ẹrú náà fi rìn ín. Orúkọ Pettway yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ìletò náà ń jẹ́ títí di òní, bí wọn kò tilẹ̀ bá ara wọn tan. Láti 1949 ni ìjọba ti ń pe ibẹ̀ ní Boykin, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ni ó wà lẹ́nu àwọn onílé.

Nígbà tí oko ẹrú parí, àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò kúrò lórí ilẹ̀ náà. Wọ́n ń dáko fún onílẹ̀, wọ́n sì ń san nínú ìkórè wọn fún un. Ìṣákọ́lẹ̀ tiwọn le ju èyí tí a mọ̀ nílé lọ, nítorí pé àwìn ni wọ́n fi ń ra irúgbìn, oúnjẹ àti ohun èlò, kì í sì í pẹ́ tí gbèsè fi ń ga ju ìkórè lọ. Ní 1932 oníṣòwò kan tí ó ń ta àwìn fún wọn kú. Opó rẹ̀ ní kí wọ́n san gbogbo gbèsè lẹ́ẹ̀kan, àwọn tí ó rán wá sì kó ẹran ọ̀sìn, ọkọ́, àgbàdo àti ìbaaka lọ ní ilé bí ọgọ́ta. Ìgbà òtútù ọdún náà ni oúnjẹ àánú Red Cross kò jẹ́ kí ebi pa wọ́n kú. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn bí a bá ń wo ẹwà iṣẹ́ wọn. Nínú ilé tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín pákó wọlé, tí a fi ìwé ìròyìn lẹ ara ògiri nítorí òtútù, kúbùsù kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bí ọmọ bá pọ̀ nílé, kúbùsù pẹ̀lú gbọ́dọ̀ pọ̀; àwọn kan a tẹ́ sílẹ̀ fún ìsùn, àwọn kan a bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tí ó bá gbó kọjá ìlò, wọn a dáná sun ún díẹ̀díẹ̀ kí èéfín rẹ̀ lè lé ẹ̀fọn.

Ọdún wọn kì í ṣe ti òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn bí tiwa. Nígbà ìrúwé ni a ń gbin òwú. Nígbà ooru ni a ń ro ó. Nígbà ìwọ́wé ni a ń já a, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé. Ní gbogbo àkókò yìí ọwọ́ obìnrin kò gba abẹ́rẹ́ tó nǹkan. Ṣùgbọ́n aṣọ ń gbó lọ lára àwọn tí ń ṣiṣẹ́, ìyá ilé a sì máa kó o jọ. Nígbà tí oko bá parí, tí òtútù sì dé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ṣòkòtò oko ni ohun èlò rẹ̀ pàtàkì. Orúnkún rẹ̀ a ti ṣí, oòrùn a ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Bí wọ́n bá tú àpò kúrò lára rẹ̀, ojú ibi tí àpò náà ti wà a dúdú minimini láàárín aṣọ tí ó ti funfun. Ẹni tí kò mọ̀ a rò pé aṣọ aláró méjì ni a rán pọ̀. Oòrùn àti làálàá ni ó kùn ún bẹ́ẹ̀. Fún ìsàlẹ̀, àpò ìyẹ̀fun tàbí àpò ajílẹ̀ ni wọ́n ń tú. Fún àárín, òwú tí ó ṣẹ́kù ní oko tàbí tí wọ́n gbá jọ ní ilẹ̀ ilé ẹ̀rọ ìgbọ̀nwú ni, wọn a fi igi lù ú títí yóò fi fẹ̀ tí yóò sì rọ̀.

Ohun kan wà nínú ètò iṣẹ́ yìí tí ó wù mí púpọ̀. Òkè kúbùsù, ibi tí ọgbọ́n àti àwòrán wà, obìnrin kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá a rán nílé ara rẹ̀, kì í sì í fẹ́ kí ẹlòmíràn bá a dá sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan gígán, ó di iṣẹ́ àjọṣe. A so férémù onígi mọ́ àjà, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà iṣẹ́, àwọn obìnrin a sì jókòó yí i ká, wọn a máa gán, wọn a máa kọrin, wọn a máa gbàdúrà. Bí ti ọ̀kan bá parí lónìí, wọn a lọ sí ilé ẹlòmíràn lọ́la. Ẹni tí ó bá mọ àáró ní oko wa kò nílò àlàyé mọ́.

Àwòrán tí wọ́n ń rán ní orúkọ. Ọ̀kan wà tí a ń pè ní Òrùlé, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan ní àárín, tí abala tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń yí i po títí dé etí. Ọ̀kan wà tí ó ń jẹ́ Ọ̀lẹ Ọmọge, ọ̀já gbọọrọ gbọọrọ lásán, nítorí pé kò gba wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fẹ́ràn láti máa dárúkọ jù ni èyí tí oníkálukú ń pè ní Bí Ó Ti Wù Mí. Obìnrin náà a bẹ̀rẹ̀ Òrùlé, aṣọ pupa a tán lọ́wọ́ rẹ̀, a mú àwọ̀ ilẹ̀, a yẹ̀ ẹ́ sápá kan, ohun tí a rò pé àṣìṣe ni a sì di ìlànà gbogbo kúbùsù náà.

Lẹ́yìn òtútù ni ìfihàn. Nígbà tí oòrùn bá padà, wọn a kó gbogbo kúbùsù jáde láti sá wọn, lórí okùn, lórí ọgbà, níwájú ilé. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni èyí lójú àlejò. Lójú àwọn onílé, ọjọ́ ìwòran ni. Ẹni tí ń kọjá a dúró, a wo ohun tí aládùúgbò rẹ̀ rán, a padà sílé láti dán tirẹ̀ wò ní òtútù tí ń bọ̀. Báyìí ni àwòrán ti ń ti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ, láìsí ilé-ẹ̀kọ́.

Kúbùsù kan wà tí n kò lè ṣaláì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ní 1942, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Missouri Pettway kó gbogbo aṣọ iṣẹ́ olóògbé náà jọ. Ó pe ọmọbìnrin rẹ̀, Arlonzia, pé kí ó wá ràn án lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ fi rán kúbùsù tí òun yóò máa fi rántí rẹ̀, tí òun yóò sì máa fi bora. Aṣọ aláró tí ó ti ṣá, eérú, funfun, pupa díẹ̀. Ó wà ní ilé ìṣúra àwòrán ìjọba ní Washington lónìí.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń ronú nípa ẹ̀kú egúngún: abala lórí abala, ti baba ńlá lábẹ́, ti ọmọ lókè, tí gbogbo rẹ̀ ń ṣí bí ìyẹ́ nígbà tí egúngún bá ń fò yí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti ní èrò tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Robert Farris Thompson, nínú ìwé rẹ̀ ti 1983, so irú aṣọ ọlọ́jàá báyìí mọ́ aṣọ híhun tẹ́ẹ́rẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìtàn mìíràn sì sún mọ́ wa ju èyí lọ. Arlonzia sọ pé ìyá ìyá-ńlá òun, Dinah Miller, ti Áfíríkà wá nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1859. Hannah Durkin, nínú ìwé tí ó jáde ní 2024, kà á mọ́ àwọn ará ọkọ̀ Clotilda, èyí tí ó kó ènìyàn bí 110 láti Ouidah dé Mobile ní 1860, nígbà tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀ láti 1808. Púpọ̀ nínú àwọn ará ọkọ̀ náà ni ó gbọ́ èdè Yorùbá. Kossola, ẹni tí ó lókìkí jù nínú wọn, ti agbègbè Bantè wá, ní orílẹ̀-èdè tí ń jẹ́ Benin nísinsìnyí.

Síbẹ̀ kí á rọra. Pé ẹ̀jẹ̀ wa lè wà nínú àwọn ènìyàn náà kò fi hàn pé iṣẹ́ wa ni kúbùsù wọn. Ìlànà ìpele mẹ́ta tí a gán pọ̀, ọ̀dọ̀ òyìnbó ni ẹrú ti kọ́ ọ. Ọkùnrin ni ó ń hun òfì tẹ́ẹ́rẹ́ nílẹ̀ wa. Obìnrin ni ó ń rán èyí. Bí a bá sì bèèrè ìdí tí ọ̀já fi gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ìdáhùn tí ó rọrùn jù ń bẹ lára ohun èlò fúnra rẹ̀: bí a bá tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ọ̀já gígùn ni. Ẹ̀kú pẹ̀lú, aṣọ iyebíye ni ó ń fẹ́, àrán àti irú rẹ̀. Ọlá ìdílé ni ó ń kéde. Kò sí ọlá nínú ṣòkòtò olóògbé Pettway. Ìfẹ́ láti fi aṣọ dá òkú dúró nílé ni ó jọra, n kò sì gbà pé ó di dandan kí opó kan jẹ́ Yorùbá kí ó tó mọ̀ ọ́n.

Bí ayé ti wá mọ̀ wọ́n kò gùn. Ní 1962, nígbà tí àwọn dúdú fẹ́ máa sọdá lọ sí Camden láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò, àwọn aláṣẹ dá ọkọ̀ ìsọdá dúró. Ọ̀nà tí ó ṣẹ́kù gba bí wákàtí kan nínú ọkọ̀ ilẹ̀. Martin Luther King wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní oṣù Èrèlé 1965. Ní ìparí ọdún náà ni àlùfáà kan, Francis X. Walter, rí kúbùsù mẹ́ta lórí okùn ní agbègbè náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rà á ní 10 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tà á ní gbàǹjo ní New York, ó sì dá owó náà padà. Láti inú èyí ni ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee ti jáde ní 1966, tí Estelle Witherspoon darí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Owó wọlé, ṣùgbọ́n oníbàárà ìlú ńlá ń fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà, Bí Ó Ti Wù Mí kò sì ṣeé tà ní ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2012.

Ní 2002 ni ilé ìṣúra iṣẹ́ ọnà ní Houston, lẹ́yìn náà Whitney ní New York, gbé kúbùsù tí William Arnett ti kó jọ kọ́ sára ògiri. Ní 2006 ìjọba tẹ mẹ́wàá nínú wọn sórí sítáǹbù. Ní 2007 àwọn kan lára àwọn aránkúbùsù gbé ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀tọ́ lọ sí kóòtù. Ní 2008 wọ́n parí rẹ̀ láìsí ìdájọ́. Èmi fúnra mi rí díẹ̀ nínú wọn ní New York ní 2018, nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun. Ògiri funfun, iná tí ó dákẹ́, olùṣọ́ tí kò gbà kí ènìyàn sún mọ́ ọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n abẹ́ kúbùsù, níbi tí orúkọ ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ti lè ṣì hàn, ògiri ti gbé e mì.

Ọkọ̀ ìsọdá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2006, lẹ́yìn ọdún 44. Láti 2022 ni àwọn obìnrin Gee's Bend ti ń sá kúbùsù wọn ní gbangba lọ́dọọdún, ní oṣù Ọ̀wàrà, tí àlejò ń wá wò ó, tí ó sì ń rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó rán an. Okùn ni wọ́n ń fi í kọ́. Atẹ́gùn odò a sì máa yí i padà, tí ènìyàn fi ń rí ẹ̀yìn rẹ̀.