Ẹ̀BÙN ỌMỌDÉ ÀTI OMI INÚ AMÙ

Ó wọ́pọ̀ láàárín wa pé kí a wí fún ọmọ pé, “Bí o bá lọ sí ilé-kéwú, n ó fún ọ lówó àkàrà.” Ọmọ yóò sáré lọ. Ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí ọmọ kan náà yóò fi máa tẹ́wọ́ gba owó kí ó tó gbé wàláà. Kí ni ó ń fa èyí?

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ẹ wo áyọ́ọ̀nù iná mànàmáná: bí ó bá gbóná tó, yóò pa iná fúnra rẹ̀, bí ó bá tutù, yóò tún tàn án. Irú ọgbọ́n yìí ni Daniel Rivera àti Eric Hekler pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà mú lò fún ìwà ènìyàn. Ní 2014, wọ́n fi ohun tí ń ti ènìyàn ṣe nǹkan wé omi inú àgbá. Wọ́n sì ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ti ń yí iye ìṣísẹ̀ òòjọ́ àti iye ẹ̀bùn rẹ̀ padà, kí wọ́n lè mọ ohun tí ó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu.

Ẹ̀yin ìyá mọ amù. Bí a bá bu omi sí i, kì í kún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ń jò tí a sì dáwọ́ dúró, yóò gbẹ. Bí a bá bù ú jù, yóò ṣàn dànù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bùn rí.

Ní òkè Ọya, ẹgbẹ́ New Incentives ń fún ìyá tí ó bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lówó. Nígbà tí a dán an wò ní Katsina, Zamfara àti Jigawa, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2020, 500 náírà ni ti ìgbà mẹ́rin àkọ́kọ́. 2,000 náírà ni ti abẹ́rẹ́ èéyi tí ó kẹ́yìn. Ibi tí amù ti ń jò jù ni wọ́n bu omi sí jù. Nínú 100 ọmọ, àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ èéyi fi nǹkan bí 14 ju ti ibi tí a kò ti fún ni lówó.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ní iye. Ìrun àti kéwú kò lópin títí ọjọ́ ikú. Ní 1973, Mark Lepper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún àwọn ọmọ kékeré tí ó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán, ìfẹ́ wọn sí i dín kù. Ti àwọn tí a fún lójijì, láìsí ìlérí, kò dín kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi owó ra kéwú lójoojúmọ́. Bí ọmọ bá parí súrà tí ó le fún un, ẹ yìn ín, ẹ sì ta á lọ́rẹ láìròtẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti ń fún un tẹ́lẹ̀, ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ ìṣe rẹ̀. Ọmọ tí ó ń lọ tayọ̀tayọ̀, ẹ má bu omi sí amù tí ó ti kún. Ti Ìdòwú sì kọ́ ni ti Àlàbá. Ẹ má fi òṣùwọ̀n kan wọn gbogbo wọn.

Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ́ wọn pé láádá ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ẹni tí kì í gbàgbé. Kí Ọlọ́run Ọba má ṣe jẹ́ kí làálàá wa lórí àwọn ọmọ já sí asán. Àmín.