Ata Inú Agolo

Ata kì í jó ara. Irọ́ ló ń pa fún iṣan. Lára iṣan ẹnu, ojú àti awọ wa, ilẹ̀kùn wẹ́wẹ́ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní TRPV1. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ta ọpọlọ lólobó nígbà tí ohun gbígbóná bá kàn wá. Capsaicin, ohun tó ń mú kí ata ta, a máa ṣí ilẹ̀kùn náà láìsí iná nítòsí, ọpọlọ á sì gbà pé ara ti ń jóná. David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló tú àṣírí yìí lọ́dún 1997. Ó wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Agolo tí àwọn èèyàn ń fi gba ara wọn lọ́wọ́ jàǹdùkú kò yàtọ̀ sí ti oògùn ẹ̀fọn. Òróró tí wọ́n fà jáde lára ata ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi agbára kì mọ́ ọn. Bí ẹ bá tẹ orí rẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti òróró jáde fìì. Ojú ẹni tó bà á dé pinpin, ikọ́ gbé e, ó sì lè tó ìṣẹ́jú 30 kó tó rọlẹ̀. Ẹni tó bá kọjú sí atẹ́gùn tó fi tẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ ló fín in sí. Omi lásán kì í tètè ṣí i kúrò lára, òróró ni; àfi ọṣẹ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kàwé ní Ìlú Ọba, ẹ má fi ránṣẹ́ o: òfin ìbọn ti 1968 kà á mọ́ ohun ìjà tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní.

Ọṣẹ yìí náà la nílò lóko, bí a bá fẹ́ fi ata lé kòkòrò àti ẹran kúrò lára ohun ọ̀gbìn. Ẹ gún ata rodo, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i kí òróró ata lè bá omi rẹ́, kó sì lẹ̀ mọ́ ewé. Lójú tèmi, ọṣẹ gan-an ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń fa omi ewé mu. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan, torí ọṣẹ tó pọ̀ a máa jó ewé. Bí òjò bá rọ̀, ẹ tún un fín.

Ewúrẹ́ àti ọ̀kẹ́rẹ́ á bu ewé tí ẹ fín in sí jẹ, wọn á sá. Ẹyẹ ńkọ́? Capsaicin kì í ṣí ilẹ̀kùn tiwọn. Ata wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń jẹ kiri tí wọ́n ń yàgbẹ́ kóró rẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ata fi ń hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Bó bá jẹ́ ẹyẹ ló ń yọ àgbàdo yín lẹ́nu, ẹ má fi ata ṣòfò. Àwọ̀n ni kí ẹ ta.