Ẹgbẹ́ Tí Ń Dé Ẹnu Ọ̀nà Tí Kì Í Wọlé

Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Super Eagles ti kùnà ní ìlú Rabat, ní ilẹ̀ Morocco, ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2025, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń gbọ́ níbikíbi tí ènìyàn mẹ́ta bá péjọ sí. Ní Mákùn-Omi létí ọ̀sà, ní Abigi, ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ní Ago-Ìwòyè, kò sí ẹni tí kò ní ohun tí yóò sọ. Ẹlẹ́ja ń sọ ọ́, aláṣọ ń sọ ọ́, ẹni tí ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò lọ sí Ẹ̀pẹ́ ń sọ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn kò ju èyí lọ: Kí ló dé tí àwọn ènìyàn wa a máa dé ẹnu ọ̀nà tán kí wọ́n tó ṣẹ́rí padà? Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí á fún un ní ìdáhùn tí ó mọ́gbọ́n dání, nítorí ìbínú tí kò ní ìṣirò nínú kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rán ara wa létí bí ọ̀ràn náà ti rí. Ìsọ̀rí mẹ́sàn-án ni a pín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà sí fún ìdíje àtilọ sí Ife Àgbáyé ọdún 2026. Ẹni tí ó bá ṣe ipò kìíní nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ni ó gba ọ̀nà tààrà. Mẹ́rin tí ó dára jù nínú àwọn tí ó ṣe ipò kejì ni a tún fún ní àǹfààní kan sí i, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní play-off, tí àwa yóò sì máa pè ní ìdíje ẹnu-ọ̀nà níhìn-ín. Nàìjíríà, Gabon, Kamẹrúùnù àti Congo ti Kinshasa ni ó lọ sí Rabat. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá, a na Gabon ní ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan lẹ́yìn àfikún àkókò, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni a pàdé Congo. Frank Onyeka jẹ ayò fún wa ní ìṣẹ́jú kẹta. Meschack Elia dá a padà fún wọn ní ìṣẹ́jú 32. Victor Osimhen farapa, kò sì padà wọ pápá lẹ́yìn ìsinmi. Láti ìgbà náà títí ìṣẹ́jú 120 fi pé, kò sí ẹni tí ó tún rí àwọ̀n. Nígbà tí ó di gbé-e-sílẹ̀-gbá-a-sílé, Congo jẹ mẹ́rin, àwa jẹ mẹ́ta. Chancel Mbemba, olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù Congo, ni ó gbá èyí tí ó parí ọ̀rọ̀. Bí a bá tilẹ̀ borí lọ́jọ́ náà, ẹnu ọ̀nà mìíràn ṣì wà níwájú tí à bá tún kàn, nítorí ẹni tí ó bá borí ní Rabat yóò tún lọ bá àwọn ará apá ibòmíràn ní ayé díje.

Ohun tí ó mú kí ọ̀ràn náà dun àwọn ènìyàn wa wọra ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Gánà ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ní Kumasi, kò sí ẹni tí ó jẹ ayò. Ní Abuja, ní ọjọ́ 29, Thomas Partey jẹ ọ̀kan fún Gánà, William Troost-Ekong fi gbé-e-sílẹ̀-gbá-a-sílé dá a padà, ó sì parí ní ọ̀mì. Òfin ìgbà náà sọ pé ayò tí a bá jẹ ní ilé onílé ni ó wúwo jù, Gánà sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé lójú wa. Àwọn ènìyàn fi ìbínú ya wọ inú pápá, wọ́n fọ́ ohun tí ọwọ́ wọn bà, àwọn ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Ní alẹ́ kan náà ni dókítà ará Zambia kan, ẹni tí ó wá ṣe àyẹ̀wò oògùn fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, dolóògbé lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn àgbà láàrin wa sì lè rántí èyí tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1977, ní pápá ńlá Sùúrùlérè ní Èkó, Godwin Odiye fi orí kan bọ́ọ̀lù sí ilé ara rẹ̀, Tùnísíà sì lọ sí Ife Àgbáyé ọdún 1978. Ní ọdún 2005, àwa àti Àngólà jọ ní àmì 21, ṣùgbọ́n nítorí pé Àngólà ti na wá ní Luanda, tí wọ́n sì bá wa ta ọ̀mì ní Kánò, àwọn ni ó lọ sí Jámánì ní ọdún 2006. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé ojú òun ti rí nǹkan lẹ́yìn ẹgbẹ́ yìí kò purọ́.

Ẹni tí kò gbé ìlú etí omi rí kò lè mọ bí ìdíje kan ti ń ná ènìyàn tó. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, a ní láti wá epo fún ẹ̀rọ iná. A ní láti san owó ìjókòó ní ilé ìwòran. Ẹlòmíràn yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Èyí jẹ́ ìnáwó tí ojú rí. Èyí tí ojú kò rí ni ìrètí. Ọmọdékùnrin tí ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, tí ó jókòó sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà, tí ó sì rí i pé wọ́n ń jáde lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ wo ni ó ń kọ́ nípa ilẹ̀ tí a bí i sí? Bí ó bá kọ́ ọ pé a ti kọ ìkùnà mọ́ wa, ìpalára náà ju ti bọ́ọ̀lù lọ.

Nísinsìnyí, ta ni àwọn ènìyàn ń dá lẹ́bi? Àwọn kan ń dá àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta lẹ́bi, èyíinì ni Calvin Bassey, Moses Simon àti Semi Ajayi, tí bọ́ọ̀lù wọn kò wọlé ní Rabat. Àwọn mìíràn ń pe oògùn, nítorí pé Éric Chelle, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, fúnra rẹ̀ jáde ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó wí pé ẹnìkan nínú àwọn ará Congo ń ṣe ètùtù nígbà tí a ń gbá bọ́ọ̀lù náà. Àwọn mìíràn ní orí ni kò gbè wá. Àwa kò lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú àwọn wọ̀nyí. Bí ilẹ̀ Rabat bá burú fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, báwo ni àwọn obìnrin wa, àwọn Super Falcons, ti ṣe é? Ní ìlú kan náà, ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025, Morocco ti jẹ ayò méjì sí òdo lójú àwọn ènìyàn wọn kí àwọn obìnrin wa tó dìde, wọ́n sì fi ayò mẹ́ta sí méjì gba ife Áfíríkà. Àwọn baba wa kò ṣì í wí nígbà tí wọ́n wí pé, bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni.

Ẹ̀yin oníṣòwò ni a fẹ́ bá sọ èyí tí ó kàn, nítorí ẹ̀yin mọ ìwé ìṣirò. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá ni Super Eagles gbá nínú ìsọ̀rí wọn kí ó tó di Rabat. Ẹni tí ó bá borí a gba àmì mẹ́ta. Ọ̀mì a máa fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan. Ní ìgbà kìíní, Lesotho, orílẹ̀-èdè kékeré tí South Africa yí ká níhà gbogbo, wá bá wa nílé ní Uyo, wọ́n sì bá wa ta ọ̀mì. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, Zimbabwe tún bá wa ta ọ̀mì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, South Africa bá wa ta ọ̀mì ní Uyo, Benin aládùúgbò wa sì na wá ní Abidjan. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, àmì 12 wà nílẹ̀. Mẹ́ta péré ni a kó délé.

Lẹ́yìn èyí ni a tó jí. Nínú mẹ́fà tí ó kù, a borí mẹ́rin, a ta ọ̀mì méjì, ẹnikẹ́ni kò sì nà wá. Àmì 14 ni a kó. Benin tí ó ti nà wá jẹ ìyà ayò mẹ́rin sí òdo ní Uyo ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú. South Africa parí pẹ̀lú àmì 18, àwa parí pẹ̀lú 17. Ẹ sì rántí pé FIFA ti gba àmì mẹ́ta lọ́wọ́ South Africa, nítorí wọ́n lo agbábọ́ọ̀lù kan ní ọjọ́ tí kò tọ́ kí ó gbá. Síbẹ̀síbẹ̀ a kò lé wọn bá. Bí a bá ti borí Lesotho nìkan ní ọjọ́ kìíní yẹn, àmì 19 ni à bá ní, à bá sì ti jókòó sílé láìmọ ọ̀nà Rabat. Ọjọ́ wo ni Lesotho wá sí Uyo? Ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni. Ọdún méjì géérégé ni ó pé ní ọjọ́ tí Congo lé wa padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí a ti pàdánù, kí ó wo ọjọ́ kìíní, kí ó má wo ọjọ́ ìkẹyìn. Oníṣòwò tí ó ti sọ owó nù ní ọjà mẹ́rin àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ wí pé afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́ ní ọjà ìkẹyìn ni ó sọ òun di aláìní.

Kí ni ó fa àdánù ìṣáájú náà? Ẹ wo àwọn tí ó di ìdarí mú. José Peseiro darí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, ó lọ; Finidi George darí méjì, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀; Chelle dé ní oṣù kìíní ọdún 2025, ó sì darí mẹ́fà yòókù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta fún iṣẹ́ kan ṣoṣo! Ta ni nínú yín ni yóò gbé ìsọ̀ kan lé ọmọ-ọjà mẹ́ta lọ́wọ́ láàrin ọdún méjì, tí yóò sì máa retí èrè? Lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí ìdíje pẹ̀lú Gabon ku ọjọ́ méjì, àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn kọ̀ láti jáde lọ ṣe ìmúrasílẹ̀, nítorí owó tí wọ́n wí pé a jẹ wọ́n. Wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà kí ọjọ́ tó pé, ṣùgbọ́n kì í ṣe etí ibodè ni ó yẹ kí ọmọ ogun ti máa béèrè owó ọfà. Igi gàngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Bí ẹnìkan bá wí pé ọ̀rọ̀ ìwé ni a ń sọ, kí ó wo Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Remo Stars pẹ̀lú mọ adùn àti ìkorò ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́fà tí ó fi ìdíje parí líìgì ní Onikan ní Èkó. Àmì kan náà ni wọ́n ní pẹ̀lú Enyimba ti Àbá. Iye ayò ni ó fi ife lé Enyimba lọ́wọ́. Ní ọdún 2024, wọ́n tún ṣe ipò kejì, Rangers ti Ẹnúgù ni ó gba ife. Ẹlòmíràn ìbá ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ lọ, ìbá sì ti tú ilé ká. Àwọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Daniel Ogunmodede ni ó wà níbẹ̀ ní 2023, òun ni ó wà níbẹ̀ ní 2024, òun náà ni ó sì wà níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 nígbà tí wọ́n di olórí líìgì Nàìjíríà, tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ṣì kù nílẹ̀. Láti ọdún 2000 tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á, kò sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá mìíràn tí ó tún gbà á. A kò wí pé gbogbo nǹkan dẹrùn fún wọn lẹ́yìn náà. Sundowns ti South Africa na wọ́n ní ayò márùn-ún sí ẹyọ kan ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó kùnà lẹ́ẹ̀mejì lè wọlé ní ẹ̀ẹ̀kẹta, bí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ohun tí ó ti kó jọ.

Nítorí náà, kí ni iṣẹ́ àwa tí a wà lẹ́yìn ẹgbẹ́? Ìkíní, kí á jáwọ́ nínú bíbú àwọn ọmọ tí ó gba bọ́ọ̀lù gbé sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn mìíràn ń gbọ̀n. Semi Ajayi tí a ń bú nítorí Rabat, òun ni ó dá ayò Lesotho padà fún wa ní Uyo. Ìkejì, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ má ṣe fi owó òwò ta tẹ́tẹ́ lé ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ràn. Ìfẹ́ kì í ṣe ìṣirò. Ẹ̀kẹta ni ó sì ṣe pàtàkì jù: kí á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ tí a bá ta ọ̀mì nílé pẹ̀lú ẹgbẹ́ kékeré, ní ọjọ́ tí a bá gbọ́ pé a kò san owó ọmọ, ní ọjọ́ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá lọ tí kò sí arọ́pò, ọjọ́ náà ni ó yẹ kí àwọn tí ń darí bọ́ọ̀lù wa gbọ́ ohùn wa, nínú ìwé ìròyìn àti lẹ́nu àwọn aṣojú wa. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Nígbà tí ó bá di gbé-e-sílẹ̀-gbá-a-sílé, àdúrà nìkan ni ó kù, àdúrà náà kì í sì í san gbèsè ọjà mẹ́rin.

A kí gbogbo olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kú ìrọ́jú. Ẹ má kó aṣọ aláwọ̀ ewé yín dà nù. Ìdíje ọdún 2030 ń bọ̀, ọjọ́ kìíní rẹ̀ ni kí á sì máa ṣọ́.