Ibùwọ̀ Ògbúgbú

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan, swannery, tí wọn kì í sábà lò. Ibi tí wọ́n ti ń sin ẹyẹ kan ṣoṣo ni ó ń tọ́ka sí: swan, ẹyẹ omi funfun tó ga lọ́rùn, tó fi ìlọ́po púpọ̀ tóbi ju pẹ́pẹ́yẹ lọ. Bí ẹ bá sọ èyí fún àgbàlagbà kan ní Bólórundúró, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Òǹdó, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ṣé wọ́n ń dé e ni, àbí wọ́n ń so ó mọ́lẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni, nítorí ohun tí a ń ṣe sí ẹran ni a fi ń mọ irú ilé tó ní.

Ẹ wo adìyẹ. Àgò ni tirẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n sábà fi ń hun ún, ó rí roboto, òkè rẹ̀ fún, ìdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí adìyẹ bá ń wọ̀, ìyá àgbà á kó abiyamọ adìyẹ àti àwọn òròmọdìyẹ rẹ̀ jọ sójú kan, á dé àgò lé wọn lórí, á sì gbé òkúta lé e kí ẹtà má bàa bì í ṣubú lóru. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú ihò rẹ̀ wọlé, àwòdì kò sì lè na èékánná gba ibẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ọjà bá pé, àgò yìí kan náà ni wọ́n ń fi gbé adìyẹ lọ. Nítorí náà, àgò kì í ṣe ilé ní ti gidi. Ìdérí tó ń bá adìyẹ rìn ni.

Ti ẹyẹlé yàtọ̀ pátápátá. Ilé ẹyẹlé máa ń wà lókè, lára ògiri tàbí lórí òpó, ẹnikẹ́ni kì í sì í tìlẹ̀kùn rẹ̀. Lówùúrọ̀ ẹyẹlé á fò lọ síbi tó wù ú, nírọ̀lẹ́ á padà. Ohun tó ń mú un padà ni àgbàdo tí onílé ń fọ́n fún un, àti pé kò sí ẹni tó ń dà á láàmú níbẹ̀.

Wàyí o, níbo ni swannery bọ́ sí? Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ wà ní Abbotsbury, ní Dorset, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, létí ọ̀sà tí wọ́n ń pè ní Fleet. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ti St Benedict ló ń sin àwọn ẹyẹ náà níbẹ̀ láyé àtijọ́, kí wọ́n lè rí ẹran ṣe àsè. Àkọsílẹ̀ tó dárúkọ ibẹ̀ ti wà láti 1393. Ní 1539, ọba Henry Kẹjọ tú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ náà ká, ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ kò lọ. Títí di òní, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń jẹ wọ́n mọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìyẹ́ àwọn ẹyẹ ńlá náà yè, ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ fún wọn. Koríko inú omi ọ̀sà náà ni oúnjẹ wọn, àwọn olùtọ́jú sì ń fi ọkà kún un. Nígbà tí ó bá tó àkókò ìyé, wọ́n á kó esùsú síbẹ̀ kí àwọn ẹyẹ lè fi tẹ́ ìtẹ́. Abo á sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 35, ọmọ á sì máa jáde láti àárín oṣù Karùn-ún. Àwọn ìdílé mìíràn ni wọ́n ń fi ọgbà kékeré yí ká fúngbà díẹ̀, kí àwọn ọmọ má bàa ṣìnà tàbí kí akọ mìíràn pa wọ́n.

Nítorí èyí, "àgò" kò bá a mu, "ọgbà" náà kò sì ṣe rẹ́gí, nítorí etí wa ń gbọ́ odi nínú rẹ̀. Ìlànà ilé ẹyẹlé ni swannery ń tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo yàn ni "ibùwọ̀", ibi tí nǹkan ń wọ̀ sí fúnra rẹ̀, bí àlejò ti ń wọ̀ sílé ẹni.

Ó ku orúkọ ẹyẹ náà. Kò sí i nínú omi Ọ̀wẹnà, àwọn baba wa kò sì ní ìdí láti sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther ṣíwájú wọn, ló fi "ògbúgbú" síbi tí Bíbélì àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kọ swan sí, nínú Léfítíkù orí 11. Ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ òde òní ti yí ẹyẹ ibẹ̀ padà sí òwìwí. Síbẹ̀, ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu oníṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí èyí tó sún mọ́ ọn jù ú lọ lọ́wọ́ wa. Mo fara mọ́ ọn.

Bí a ó ṣe lò ó nìyí: "Ọmọ mi tó wà ní Dorset mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wo ibùwọ̀ ògbúgbú." Bí àgbàlagbà Bólórundúró yẹn bá gbọ́ ọ, kò tún ní béèrè bóyá wọ́n ń dé e.