Aṣọ Òkú Lórí Bẹ́ńṣì Ṣọ́ọ̀ṣì! Ohun Tí Àlejò Ń Fojú Rí Ní Rùwáńdà

Ẹni tó bá ń ta aṣọ lọ́jà, tó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì Nyamata, kò ní í pẹ́ kó tó mọ̀ pé aṣọ tí òun ń wò yìí kì í ṣe àkísà lásán. Síkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Búláòsì wà níbẹ̀. Ṣòkòtò ọmọ iléèwé, súwẹ́tà ọmọ ọwọ́, ìborùn ìyá àgbà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó jọ gègèrè sórí bẹ́ńṣì tí àwọn ará ìjọ ń jókòó lé nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ilé àdúrà. Eruku ti bò wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ wọn lára, àwọ̀ gbogbo wọn ti di ọ̀kan náà. Àwọn tó wọ̀ wọ́n wá síbẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1994 kọ́ ló fọwọ́ ara wọn bọ́ wọn sílẹ̀.

Bí àlejò bá gbójú sókè, òrùlé onípáànù ló máa rí, ihò wẹẹrẹ wẹẹrẹ lára rẹ̀ bí ajere. Ihò ọta ìbọn ni, ihò bọ́ǹbù àfọwọ́jù ni. Oòrùn ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń tàn sórí aṣọ.

Nǹkan bí 30 kìlómítà ni Nyamata sí Kigali, olú-ìlú Rùwáńdà. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń bá ọkọ̀ lọ síbẹ̀, tí amọ̀nà á sì máa mú wọn káàkiri. Kí wọ́n tó wọlé, amọ̀nà á ti kìlọ̀ fún wọn: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki kámẹ́rà bọ àpò. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan.” Ohùn rẹ̀ kì í le. Kì í sì í yára sọ̀rọ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí àti àyíká rẹ̀, nǹkan bí 10,000 ènìyàn ni wọ́n pa. Ẹ lè béèrè pé kí ló gbé wọn dé ilé Ọlọ́run. Ìdí ni pé nígbà tí irú wàhálà bẹ́ẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti sá sí ṣọ́ọ̀ṣì sábà máa ń yè é. Nítorí náà, ìyá fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí. Lọ́tẹ̀ yìí, bọ́ǹbù ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn fún wọn, àdá àti kùmọ̀ sì tẹ̀lé e.

Pósí kan dá wà lábẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀. Amọ̀nà á sọ bí wọ́n ṣe pa á, ṣùgbọ́n kò ṣe é kọ sínú ìwé ìròyìn tí ọmọdé lè mú kà. Níta, ibojì obìnrin òyìnbó kan wà: Tonia Locatelli, ará Ítálì. Ní oṣù Kẹta 1992 ló fi tẹlifóònù ké sí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò òkèèrè pé wọ́n mà ti ń pa àwọn Tutsi ní agbègbè Bugesera o. Wọ́n yìnbọn pa á. Ó ku ọdún méjì gbáko kí ìpakúpa ńlá tó dé.

Báwo ló ṣe wá dé? Alẹ́ ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 1994 ni wọ́n yin ọkọ̀ òfuurufú Ààrẹ Juvénal Habyarimana lulẹ̀ ní Kigali. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn sójà ìjọba àti àwọn jàǹdùkú tí wọ́n ń pè ní Interahamwe ti dí ojú títì, wọ́n ń béèrè káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ èrò. Àwọn òyìnbó Bẹ́ljíọ̀mù tó ń ṣèjọba lé wọn lórí ló fi ẹ̀yà sínú káàdì náà láwọn ọdún 1930: Hutu, Tutsi, tàbí Twa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lára bébà ló ń pa ènìyàn. Láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, ìjọba Rùwáńdà ní àwọn tó kú lé ní 1,000,000. Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ní wọ́n lé ní 800,000. Tutsi ló pọ̀ jù. Wọ́n pa àwọn Hutu tó kọ̀ láti bá wọn lọ́wọ́ sí i náà.

Gisozi, lórí òkè kan nínú Kigali, ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn wọn. Ọdún 2004 ni wọ́n ṣí ilé ìrántí ibẹ̀. Ọgbà rẹ̀ dára, òdòdó ń bẹ, atẹ́gùn ń fẹ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àwọn kọnkéré gbàràmù tó wà nínú ọgbà yẹn, egungun àwọn ènìyàn tó lé ní 250,000 ni wọ́n sin síbẹ̀. Ẹ tún iye yẹn kà. Amọ̀nà á bẹ àlejò pé kí wọ́n má tẹ orí kọnkéré náà. Wọ́n ń kọ orúkọ àwọn òkú sára ògiri kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lára rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye òkú, torí pé àwọn ilé kan wà tí wọ́n pa run tọmọtọmọ, kò ku ẹni tó máa dárúkọ ẹnì kejì.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ èyí. Ìwé ìròyìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Kangura. Ní oṣù Kejìlá 1990, ó tẹ òfin mẹ́wàá kan jáde fún àwọn Hutu. Ọ̀kan nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ó ní oníjìbìtì ni gbogbo Tutsi nídìí òwò, pé Hutu tó bá bá wọn da òwò pọ̀, tó yá wọn lówó, tàbí tó yá lọ́wọ́ wọn, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lórí àtẹ! Wọ́n kọ́kọ́ ní kí oníbàárà yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀wà. Ó tó ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà kí wọ́n tó ní kí wọ́n pa á. Rédíò RTLM ti dé láàárín, ní 1993, ó ń pe ọmọ ènìyàn ní aáyán. Ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha dá Hassan Ngeze, olóòtú Kangura, lẹ́bi ní oṣù Kejìlá 2003. Àwa tí à ń fi ìwé ìròyìn jẹun náà ní láti gbọ́ ọ.

Tó bá jẹ́ alágbẹ̀dẹ tàbí káfíńtà ló wá, ojú ẹ̀ á lọ síbi irinṣẹ́. Àdá tí wọ́n fi ń ṣán oko. Ọkọ́. Òòlù. Kùmọ̀ tí wọ́n kan ìṣó mọ́ lórí. Ká yọ ìbọn àti bọ́ǹbù kúrò, kò sóhun tó ṣàjèjì níbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni lèèyàn ti lè rí wọn. Ẹni tó mú wọn lọ́wọ́ náà kì í ṣe àjèjì. Aládùúgbò ni. Tíṣà ọmọ ni. Ẹni tí wọ́n jọ ń gba Ara Olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi ni.

Yàrá àwọn ọmọdé ló máa ń borí àlejò. Fọ́tò ńláńlá ni wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ tí wọ́n wọ aṣọ ọdún fún. Lábẹ́ fọ́tò ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, ọjọ́ orí rẹ̀, oúnjẹ tó fẹ́ràn, ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló ń sọ bí wọ́n ṣe pa á. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé àwọn sójà Ìparapọ̀ ń bọ̀ wá gba àwọn.

Wọn ò wá. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 1994, Ìgbìmọ̀ Aláàbò Ìparapọ̀ ní New York fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dín sójà wọn tó wà ní Rùwáńdà kù, kó ku nǹkan bí 270 péré. Nàìjíríà wà nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 15 yẹn. Aṣojú wa níbẹ̀, Ibrahim Gambari ọmọ Ìlọrin, wà lára àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n fi kún sójà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò dé, kò sẹ́ni tó kọ̀, Nàìjíríà náà dìbò gbè é. Èyí tó tún wá burú jù, ìjọba tó ń pa ènìyàn yìí gan-an ní àga tirẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà!

Ọjọ́ 21 yẹn kan náà ni ti Murambi. Ìhà gúúsù ni Murambi wà, ọ̀nà ibẹ̀ jìn, òkè àti kọ́nà ni ṣáá. Iléèwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ nígbà náà. Àwọn aláṣẹ ló sọ fún àwọn Tutsi pé kí wọ́n máa lọ síbẹ̀, pé ààbò wà. Ìgbà tí wọ́n péjọ tán, wọ́n gé omi. Nígbà tí òùngbẹ àti ebi ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ lù wọ́n lóru. Nǹkan bí 50,000 ni wọ́n pa. Lẹ́yìn náà làwọn sójà Faransé dé, wọ́n pàgọ́ sí iléèwé ọ̀hún, pátákó kan níbẹ̀ sì ń tọ́ka ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá.

Àwọn òkú tí wọ́n hú jáde ni wọ́n fi ìyẹ̀fun funfun kan pa lára kí wọ́n má bàa jẹrà, tí wọ́n sì tẹ́ sínú kíláàsì. Irun ṣì wà lórí òmíràn. Òmíràn ṣì gbé ọwọ́ bojú, bí ẹni tó ń gba ẹgba.

Ibí yìí ni inú máa bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Lọ́dọ̀ Yorùbá, òkú tí a kò sin, àbùkù ni fún ọmọ tó fi sáyé. Ṣé wọn ò nílẹ̀ ni? Ṣé wọn ò lẹ́bí ni? Ìbéèrè náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu àlejò jáde. Nínú àwọn tó yè é gan-an, àwọn kan ní kí wọ́n sin gbogbo wọn, pé ìyá àwọn kì í ṣe ìran wíwò. Àwọn mìíràn kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn apànìyàn ló kọ́kọ́ sáré da iyẹ̀pẹ̀ bò ó kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀, pé títí dòní làwọn kan ṣì ń sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Bí àwọn bá sin gbogbo rẹ̀, kí làwọn máa fi hàn wọ́n? Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló nídìí. Àmọ́ àwọn tó lòkú ló yẹ kó parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Kò kan ẹni tó wá fún wákàtí méjì.

Irú àlejò bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹlòmíràn á wo yàrá kan, kò ní í lè wọ ìkejì, á jókòó síta, á gbórí lé ọwọ́. Ẹlòmíràn á máa wo aago, torí pé ọ̀la ló fẹ́ lọ wo ìnàkí lórí òkè. Amọ̀nà á dúró de àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn amọ̀nà yìí, ẹni tó yè é ni wọ́n tàbí ẹni tí wọ́n pa ẹbí rẹ̀. Ẹ rò ó wò ná: kéèyàn jí, kó wẹ̀, kó dira, kó lọ ṣílẹ̀kùn ilé ibi tí ikú ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ, kó wá máa ka egungun fún àjèjì. Lọ́la, kó tún lọ.

Ìtàn Bisesero yàtọ̀ díẹ̀, lórí àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn. Àwọn Tutsi ibẹ̀ gun orí òkè, wọ́n fi òkúta àti ọ̀kọ̀ kojú ìbọn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ilé ìrántí ibẹ̀, orí òkè náà ló wà. Àlejò ní láti pọ́n òkè kó tó débẹ̀, èémí á sì ké. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, àjọ UNESCO kọ orúkọ Nyamata, Murambi, Gisozi àti Bisesero mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Iṣẹ́ ibẹ̀ ò sì tíì tán. Nígbà tí ilé ẹjọ́ abúlé tí wọ́n ń pè ní Gacaca ń jókòó, títí di 2012, àwọn apànìyàn kan jẹ́wọ́ ibi tí wọ́n da òkú sí. Àwọn mìíràn panu mọ́, wọ́n kọ́lé lé e. Láàárín ìparí 2023 sí 2024, abẹ́ ilé kan ní Huye ni wọ́n ti hú egungun àwọn ènìyàn tó lé ní 1,000. Àwọn obìnrin jókòó síbẹ̀, wọ́n ń fọ egungun, wọ́n ń ṣa àwọn aṣọ tó bá a jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnì kan á rí èyí tó mọ̀.