Ẹni Tí Ń Tọ́jú Ẹṣin, Ta Ni Ń Tọ́jú Rẹ̀?

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ẹṣin bá dá ni, ṣe ni à ń tún un gùn. Ọ̀rọ̀ ìṣírí ni, ó sì dára fún ẹni tí ó jẹ́ pé ìdí nìkan ni ó fi gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ó bá ṣe pé ọkàn ni ó fara pa ńkọ́? Ẹsẹ̀ tí ó kán, gbogbo ayé ni yóò rí i. Ọkàn tí ó rẹ̀wẹ̀sì a máa wọ aṣọ iṣẹ́ ní òwúrọ̀, a di gàárì, a sì rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ó bá kí i.

Àwọn tí ń bá ẹṣin ṣiṣẹ́ ni mo ní lọ́kàn. Àwa náà mọ̀ wọ́n: à ń rí wọn ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, à ń rí wọn ní Ìlọrin, à sì ń rí wọn ní pápá póló ní Èkó àti Ìbàdàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí, nítorí pé níbẹ̀ ni eré ìje ẹṣin ti di iṣẹ́ òòjọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí wọ́n sì ti fi ojú ara wọn rí ohun tí iṣẹ́ náà ń fi ọkàn ṣe.

Ìlú Newmarket ni a lè pè ní olú ìlú eré náà. Ẹ fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan tí ó fi ilé ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 18, tí ó wá ń dá gbé yàrá kan níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti dé ilé ẹṣin. Yóò kó ìgbẹ́, yóò tẹ́ koríko gbígbẹ, yóò nu ara ẹṣin mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò sì gùn wọ́n lọ sí pápá nínú òtútù. Ẹṣin kò mọ ọjọ́ ìsinmi, kò mọ Kérésìmesì. Kò pẹ́ tí ọmọ náà yóò fi mọ ẹṣin rẹ̀ ju bí ó ti mọ aládùúgbò rẹ̀ lọ. Bí ẹṣin náà bá wá ṣubú lójú ìje, tí ó kán lẹ́sẹ̀, tí dókítà ẹran sì pa á kí ìrora rẹ̀ lè dópin, ìjánu nìkan ni ọmọbìnrin yìí yóò gbé padà wálé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àyè ẹṣin náà ṣófo, àwọn yòókù sì ń retí oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò kí i pé ó kú àmúmọ́ra? Ojú tilẹ̀ ń tì í láti sunkún nítorí ẹran.

EBI ÀTI ỌKÀN

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀kọ́ tí èmi ń kọ́ni ni ti àwọn agẹṣin tí ń sá ìje. Kí wọ́n tó gun ẹṣin, wọn yóò kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n. Nítorí òṣùwọ̀n yìí, wọn a máa febi panú, wọn a máa fi òùngbẹ jẹ ara wọn níyà. Títí di àìpẹ́ yìí, wọn a tún máa jókòó sínú yàrá gbígbóná kí òógùn lè fa kílò kan tàbí méjì kúrò lára wọn.

Kì í ṣe ohun tuntun. Fred Archer ni ó gba ipò kìíní láàárín àwọn agẹṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà 13 tẹ̀léra. Ènìyàn gíga ni, oúnjẹ táṣẹ́rẹ́ àti oògùn tí ń wẹ inú ni ó sì fi ń mú ara rẹ̀ fúyẹ́. Ní 1884 ìyàwó rẹ̀ kú lórí ìbímọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1886, lẹ́yìn tí ó ti febi pa ara rẹ̀ nítorí ìje kan tí kò sì borí, ibà taifọ́ọ̀dù dá a dùbúlẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 29 ni. N kò ní ka gbogbo rẹ̀ sí ebi lọ́rùn. Ọ̀fọ̀ àti àìsàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ebi ni ó ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀.

Ní 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé Ancel Keys dín oúnjẹ àwọn ọkùnrin 36 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn kù fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ara àti ọkàn wọn dá ṣáká nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kí àkókò náà tó pé, ọ̀pọ̀ ti di oníbìínú, ìbànújẹ́ ti bo àwọn mìíràn mọ́lẹ̀. Wọn kò fẹ́ ẹgbẹ́ mọ́, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò, àwọn kan sì ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka ìwé ìtàn. Bí mo bá ń fi èyí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọn a máa rẹ́rìn-ín ní ibi ìwé oúnjẹ sísè yìí, àfi ẹni tí òun náà ń febi pa ara rẹ̀ kí ó lè tẹ́ẹ́rẹ́.

Ní 2021 àwọn aláṣẹ eré náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí yàrá gbígbóná má ṣe sí ní pápá ìje mọ́. Lójú tèmi, ó pẹ́ jù.

ILÉ TÍ WỌ́N KỌ́

Ní oṣù kejìlá ọdún 1963, Tim Brookshaw ṣubú ní pápá Aintree. Ní oṣù kẹta ọdún 1964, Paddy Farrell náà ṣubú níbẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ni ó kán. Nínú owó tí àwọn ènìyàn dá fún wọn ni ẹgbẹ́ Injured Jockeys Fund ti jáde. Ẹgbẹ́ yìí ti kọ́ ilé ìtọ́jú mẹ́ta: sí Lambourn ní 2009, sí Malton ní 2015, sí Newmarket ní 2019. Ẹni tí ó ṣubú ń kọ́ ìrìn níbẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ kejì, Racing Welfare, ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹṣin: ẹnikẹ́ni nínú wọn lè tẹ̀ wọ́n láago, ìbáà ṣe ní ọ̀gànjọ́ òru.

Ọjọ́ ti pẹ́ kí àwọn ọkùnrin tó lè sọ ọ́ jáde. Ní 2016, Kieren Fallon, tí ó ti gba ipò kìíní ní ìgbà mẹ́fà, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, a sì kéde rẹ̀ ní gbangba pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ó ń bá a jà.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní Aro ní Abẹ́òkúta, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo jẹ́ kí àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ìbátan kan tí ń se oúnjẹ wọn, tí ń fọ aṣọ wọn. Ìkòkò ọbẹ̀ wà lára ìtọ́jú náà.

Nítorí náà, bí ọmọ yín tàbí ọkọ yín bá ń bá ẹṣin ṣiṣẹ́, tàbí tí olùtọ́jú ẹṣin kan bá ń gbé ní àdúgbò yín jìnnà sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹ máa wo àwo rẹ̀. Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń sùn? Ṣé ọtí rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, tàbí tí ó ti ń jágbe mọ́ ẹṣin tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀? Ẹ má ṣe kọ́kọ́ wàásù fún un. Ẹ bu oúnjẹ fún un, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bi í pé, “Kí ni ó ń dà ọ́ láàmú?” Bí ẹ̀rù bá ń bà yín pé ó lè pa ara rẹ̀ lára, ẹ bi í ní tààrà. Ìbéèrè náà kì í fi èrò ikú síni lọ́kàn, bí ọ̀pọ̀ ti ń rò. Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò bá a fún àwọn ẹṣin náà ní oúnjẹ títí tí yóò fi padà dé.